Rábì Gba Kọ́kọ́rọ́ Láàbù, Èmi Gba Ẹ̀dà

Ọmọ àbúrò mi kan jókòó tì mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ò mọ̀ bóyá kí òun ṣe tíṣà tàbí kí òun lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Mo bi í pé, "Ṣé o máa ń jowú?" Ó ní rárá. Mo ní kó yáa lọ kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ó rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ẹ̀yin tí ẹ̀yin náà ń wo iṣẹ́ ọ̀tún, tí ẹ ń wo iṣẹ́ òsì, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Kẹ́mísírì ni mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ní Ọ̀mù-Àrán níbí, kí n tó fẹ̀yìntì. Tí ẹ bá bi mí pé kí ló ń jí mi láràárọ̀ lọ síbi iṣẹ́, n kò ní purọ́ fún yín pé ìfẹ́ ìmọ̀ ni. Rábì ni.

Ẹ má rò ó sí ibòmíràn o. Ìyàwó mi mọ Rábì, ó tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ jù mí lọ, ìyẹn náà sì wà lára ohun tó ń dùn mí. Èmi àti Rábì la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, nílé-ìwé kan náà. Báólọ́jì ni wọ́n gbà á fún, kẹ́mísírì ni wọ́n gbà mí fún. Owó oṣù wa dọ́gba, bó ṣe ń pẹ́ kó tó dé náà dọ́gba. Ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ àti owó parí síbẹ̀ yẹn.

Ọ̀gá Ajíbóyè, ọmọ Àrán-Ọ̀rin, ló ni láàbù ilé-ìwé wa. Mo mọ̀ pé ìjọba ló kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ ìyẹn létí rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ láàbù yẹn gùn, irin dúdú ni, ọwọ́ ti mú ibi ìdìmú rẹ̀ dán. Okùn ló fi so ó mọ́ ọrùn, ó sì máa ń tì í sínú ẹ̀wù bí ẹni fi tírà pamọ́. Bẹ́ẹ̀, alàgbà ìjọ ni bàbá yìí. Láti ọjọ́ tí mo ti rí kọ́kọ́rọ́ náà ló ti wọ̀ mí lójú. Mo sọ ọ́ lọ́kàn ara mi pé ọjọ́ tí ọkùnrin yìí bá fẹ̀yìntì, ọrùn tèmi ló máa bọ́ sí.

Ní gbogbo sáà àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí àwa méjèèjì fọwọ́ kan oògùn kankan. Igo la fọ̀. Igo tẹ́ẹ́rẹ́, igo onírù, igo alápò. Tí a bá fọ̀ wọ́n tán, Ọ̀gá á gbé wọn síta, á na ọ̀kọ̀ọ̀kan sí oòrùn, á di ojú kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí lèyí?"

"Omi ni, sà."

"Omi kì í ní ìka ọwọ́."

Á wá da gbogbo rẹ̀ padà sínú abọ́, ti èmi àti ti Rábì pọ̀, kò ní bèèrè ẹni tó ni ìka. Rábì á rọra tẹ̀ sétí mi: "Tìrẹ ni." Èmi náà á ní, "Tìrẹ ni." A ó sì tún un fọ̀. Tí inú bá bí Ọ̀gá jù, Ìgbómìnà ìyá rẹ̀ ló fi máa ń bá wa wí, kìkì rẹ̀, láìsí àbùlà, débi pé Rábì tó dàgbà sí ìhà Ìlọrin á ní kí n túmọ̀ fún òun. Mi ò túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún un rí. Díẹ̀ nínú rẹ̀, tèmi ni.

Ohun kan tí Ọ̀gá gbà gbọ́ ni pé ohun tí o kò bá lè fi ilé ìdáná ìyá rẹ ṣàlàyé, o ò tíì mọ̀ ọ́n. Ó kó wa lọ sí Èsìẹ́ lọ́jọ́ kan, a wo àwọn ère òkúta, a jáde. Lójú ọ̀nà, ó ṣa irú òkúta bẹ́ẹ̀ kan nílẹ̀, ó fi lé wa lọ́wọ́. Ó ní, "Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Kí ló dé tí kì í hó?"

Kó tó pa ẹnu dé, mo ti dáhùn: "Nítorí pé kì í ṣe ọṣẹ ni, sà!"

Ó pòṣé. Rábì ní, "Mi ò mọ̀, sà. Ṣé ká lọ̀ ọ́ wò?" Ni Ọ̀gá bá rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo dáhùn gba òṣé, ẹni tí kò mọ̀ gba ẹ̀rín. Ọjọ́ yẹn ni owú ti mú mi. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wá wo àyà mi lónìí, ẹ ó rí i pé wọn ò purọ́.

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ ká dúró níwájú àwọn ọmọ, mo kọ́kọ́ yọ. Mo se òdòdó ìsápá, irú èyí tí a fi ń ṣe sóbò. Mo bu omi rẹ̀ sínú ife méjì. Mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ọ̀kan, ó pọ́n fòò bí ẹ̀jẹ̀. Mo da omi eérú sínú èkejì, ó yí padà, ó di àwọ̀ ewé. Àwọn ọmọ pariwo! Mo ní kí wọ́n fara balẹ̀: ohun tó bá kan bí ọsàn ni à ń pè ní ásíìdì, omi eérú ni ọ̀tá rẹ̀, omi sóbò sì ni ẹlẹ́rìí tó ń sọ fún wa èwo lèwo. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ásíìdì. Mo gbà pé nítorí ẹ̀kọ́ yẹn ni. Rábì ní nítorí ojú mi ni.

Kí ni Rábì ṣe ní ọ̀sẹ̀ kejì? Ó ra wàrà tútù lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, ó gbé e kaná díẹ̀, ó fún omi ewé bòmubòmu sí i. Ó ṣàlàyé pé ohun kan wà nínú omi ewé náà tó ń gé àwọn èròjà inú wàrà, tó sì ń jẹ́ kí wọ́n so mọ́ra. Wàrà náà sì dì lójú wọn. Wọ́n jẹ ẹ́! Kíláàsì jẹ ẹ̀kọ́ náà tán, wọ́n lá abọ́. Ẹ sọ fún mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ fi sóbò eléérú bá ìyẹn jà?

Èyí tó tún dùn mí ni ti ìgbì. Wọ́n gbé tíṣà físíìsì wa lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo, kò sì sẹ́ni tó máa kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ìgbì. Mo ṣì ń fọ ọ̀fun mi kí n tó dìde, Rábì ti jáde sí ẹ̀yìn láàbù. Ó dojú kẹ̀kẹ́ kan dé, ó so igi kékeré kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ kó yọ síta bí ìwo, ó wá yí kẹ̀kẹ́ náà kí etí táyà kọjú sí ògiri, tí oòrùn àárọ̀ ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Ó ń yí táyà díẹ̀díẹ̀. Igi náà ń yí po, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ lára ògiri kàn ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sísàlẹ̀. Ó fún ọmọ kan ní ṣọ́ọ̀kì pé kó máa fi tẹ̀lé òjìji yẹn, ó ní kí àwọn méjì máa fa páálí gígùn kọjá lábẹ́ ṣọ́ọ̀kì náà, kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má dúró. Nígbà tí wọ́n fa páálí náà tán, ìgbì ló wà lára rẹ̀: òkè, kòtò, òkè, kòtò.

"Èyí ni ìwé ìṣirò yín ń pè ní sáìnì," Rábì wí. "Nǹkan tó ń yí po ni, ẹ kàn ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ débi pé pírínsípà yọjú lójú fèrèsé. Àlàyé náà dára. Mo gbà. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ta ni? Kẹ̀kẹ́ mi ni! Kò tilẹ̀ dárúkọ ẹni tó ni kẹ̀kẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ibi ìkòkò.

Ọdún tí Ọ̀gá máa fẹ̀yìntì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ wálé láti Èkó àti Ìlọrin fún àjọ̀dún ilé-ìwé. Ọ̀gá ní kí èmi àti Rábì ṣe ọṣẹ ní pápá níwájú gbogbo èrò. Èmi máa ṣe é bí ìyá àgbà ṣe ń ṣe é: omi eérú èèpo kòkó, àdín, ìkòkò amọ̀. Rábì máa ṣe ti òde òní, ó máa lo kọ́sítíìkì tí àwọn alọ́ṣẹ ń rà lọ́jà. Ọ̀gá ò sọ pé ìdíje ni. Ó kàn bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, ó gbé e sórí tábìlì, ó jókòó tì í. Ta ló tún fẹ́ kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún òun?

Rábì ò ní ìkòkò ńlá. Rábì tó ń kírun yìí ló gba ilé Ìyá Ìjọ lọ, ó yá ìkòkò tí ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ fi ń se ìrẹsì ìkórè. Ìjọ tèmi o! Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ìjọ, wọn ò yá mi ní ṣíbí rí. Ìkòkò funfun ńlá ni, alumíníọ̀mù, irú èyí tí wọ́n ń fi páànù àti ẹ̀yà ọkọ̀ àtijọ́ dà. Mi ò rí i nígbà tó gbé e kaná, èéfín iná tèmi ti bò mí lójú. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tá alumíníọ̀mù ni kọ́sítíìkì. Àwọn ìyá àgbà tó ń fi eérú ṣe ọṣẹ, ìkòkò amọ̀ tàbí ìkòkò irin dúdú ni wọ́n ń lò. Àwa la pààrọ̀ eérú, tí a tún pààrọ̀ ìkòkò, tí a ò bi ìkòkò léèrè bóyá ó gbà.

Omi kọ́sítíìkì nìkan ló wà nínú rẹ̀, Rábì ò tíì da àdín sí i tí ìkòkò fi bẹ̀rẹ̀ sí dún ṣììì. Ó hó, ó ru, ìfòfó gun òkè bí ẹ̀kọ tí a gbàgbé lórí iná.

"Ẹ sún sẹ́yìn!" Rábì kígbe. "Gbogbo yín, ẹ sún sẹ́yìn!" Ó fi igi fa iná kúrò nídìí ìkòkò.

Akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ kan tó wọ agbádá bèèrè láti òkèèrè pé, "Tíṣà, kí ló ń ṣe é?"

"Mi ò mọ̀," Rábì dáhùn, níwájú gbogbo ayé. "Mi ò rí irú ẹ̀ rí. Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Ó gbóná jù!"

"Ìdọ̀tí wà nídìí ẹ̀!"

"Inú ló ń bí ìrẹsì ìkórè!"

Pápá rọ́ fún ẹ̀rín. "Ó dáa," Rábì wí, "nǹkan kan ń jáde níbẹ̀. Báwo la ṣe lè mọ nǹkan ọ̀hún?" Ẹnìkan ní kí wọ́n fi iná wò ó. Rábì wá ọparun gígùn, ó fi iná sí ẹnu rẹ̀, ó dúró sí òkèèrè, ó nà án kan ìfòfó. Pá! Pá! Pá! Ìhó ń bú lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn ènìyàn ń fò sókè, wọ́n sì tún ń padà bọ̀ wá wò.

Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo fi igi ọṣẹ mi sílẹ̀. "Háídírójìn ni!" mo pariwo. "Kọ́sítíìkì ló ń jẹ alumíníọ̀mù, háídírójìn ló ń jáde!"

Kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. Ọ̀gá nìkan ló yí orí sí mi. Ó ní, "Ta ló bi ọ́?"

Wọ́n ní ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ yóò gbóná. Ti Rábì ò jẹ ata o, ìdí rẹ̀ kúkú ṣí lọ. Ibi tó fẹ́lẹ́ nídìí rẹ̀ lu, omi inú rẹ̀ dà sórí ẹ̀yinná ṣàà, ìkòkò ìkórè sì dúró sórí ààrò mẹ́ta, oòrùn ń yọjú láti inú rẹ̀. Ìyá Ìjọ dìde níbi tó jókòó sí, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó rìn wá.

"Rábì."

"Mà."

"Ọṣẹ lo ní o fẹ́ ṣe."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ajere wo wá lèyí?"

Rábì ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Màá ra òmíràn."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀ rírà?" Ìyá Ìjọ ní. "Mo ní kí ló jẹ ẹ́? Torí pé èmi náà ti ra kọ́sítíìkì sílé, irú ìkòkò yìí ni mo sì fẹ́ fi se é."

Rábì wá ṣàlàyé. Ohun tí mo pariwo lẹ́ẹ̀kan ló sọ, kò yọ, kò fi kún un. Gbogbo pápá tẹ́tí. Àwọn obìnrin ìjọ ń mi orí. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n pè é sí ìpàdé wọn kó wá kọ́ wọn ní irú ìkòkò tó bá oògùn wo mu. Wọ́n fún un ní àga iwájú. Nínú ìjọ tèmi.

Ọṣẹ tèmi ńkọ́? Ó dì. Ó dúdú, ó rọ̀, ó hó yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́. Mo gbé e ká gbogbo pápá. Ọ̀gbẹ́ni kan fi fọwọ́, ó ní, "Ẹ ṣé o, Tíṣà," ojú rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ ajere.

Ọrùn Rábì ni Ọ̀gá fi kọ́kọ́rọ́ kọ́. Mo tẹ̀lé bàbá náà dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

"Sà, ọṣẹ tèmi ló dára."

"Ó dára."

"Tirẹ̀ bàjẹ́."

"Ó bàjẹ́."

"Kí ló wá dé, sà?"

Ó wò mí. "Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo bí tìrẹ ṣe ń hó tó nì, ta ló bi ọ́ ní ìbéèrè kan?"

Mo ronú títí. "Kò sí, sà."

"Ó dàárọ̀ o."

Báyìí ni Rábì ṣe di olórí láàbù, tí èmi sì di ẹni tó ń dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo máa ń tètè dé. Rábì kì í tètè dé. Màá dúró níbẹ̀ pẹ̀lú igo mi lọ́wọ́ bí alágbe, àwọn ọmọ á máa kí mi, "Ẹ káàárọ̀, sà, ṣé ẹ̀ ń dúró de Àǹtí ni?" Lọ́jọ́ kan, Rábì lọ gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ náà ní Àjàṣẹ́, ó nà án sí mi.

"Ásíìdì, gbà."

"Kí lèyí?"

"Ẹ̀dà."

"Ẹ̀dà kọ́ ni mo fẹ́."

"Ilẹ̀kùn kan náà ló ń ṣí."

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e sórí pákó lókè ilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló wà títí òjò kan fi bá mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ kan, òjò tó ní afẹ́fẹ́ nínú, èyí tó ń wọ etí. Mo wo òkè. Mo wo pákó. Òjò ló gba ẹ̀dà yẹn fún mi, èmi kọ́.

Àwọn irinṣẹ́ wa ń yí padà. Gáàsì láàbù tán, kò padà mọ́, a bọ́ sí sítóòfù. Àtẹ ara ògiri gbó, ikán jẹ ẹ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí mú fóònù wá. Mo bú fóònù fún ọdún bíi mélòó kan. Rábì ò bú u. Ó ṣí ibi tó ń ya àwòrán ohùn lórí rẹ̀, ó ní kí ọmọ kan súfèé sí i, ìgbì yọ lójú fóònù náà. Ó ní kó súfèé tó tín-ín-rín, àwọn òkè ìgbì náà súnmọ́ ara wọn. Ó ní kó súfèé tó rinlẹ̀, wọ́n jìnnà síra. Ohun tó fi kẹ̀kẹ́ mi ṣe níjọ́sí ni. Mo lọ sílé, mo ti ilẹ̀kùn, mo ń súfèé sí fóònù ìyàwó mi títí ó fi bèèrè pé ta ni mò ń pè. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwọn ọmọ yẹn ní fóònù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni nínú wọn tó ní igo tó pọ̀ tó tèmi. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú.

Èmi àti Rábì fẹ̀yìntì ní ọdún kan náà. Ó ti lọ sí Mẹ́kà, Àlàájà ni wọ́n ń pè é báyìí. Ilé rẹ̀ ò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí tèmi, lójú ọ̀nà tó lọ sí Arandun. Tó bá di ọdún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wá láti Èkó máa ń gba iwájú ilé mi kọjá. Wọ́n á fun fèrè ọkọ̀ sí mi. Wọ́n á na ọwọ́ jáde. Wọ́n á sì máa bá ọ̀nà wọn lọ sílé Àlàájà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mo gbé abọ́ omi ńlá kan kalẹ̀ fún wọn. Mo fi ìka kan tẹ omi ní ọ̀tún, mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́ ní òsì. Ìgbì méjì jáde, wọ́n pàdé láàárín, wọ́n kọjá.

"Ẹ rí i?" mo ní. "Wọ́n gba inú ara wọn kọjá, kò sí ìjà."

Tóyìn, ọmọ aláṣọ tó wà níwájú ilé wa, tẹ̀ mọ́ abọ́. Ọmọ yẹn máa ń wo nǹkan bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè. "Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé wọ́n kọjá? Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n forí gbárí, tí kálukú padà sílé ńkọ́? Wọ́n kúkú jọra."

Mo tún abọ́ wò. Ìgbì ọ̀tún, ìgbì òsì, bí ìbejì. Tí wọ́n bá kọjá, bákan náà, tí wọ́n bá padà, bákan náà. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Ni mo bá sọ ọ́. Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, mo gbọ́ ọ. "Mi ò mọ̀."

Mo dúró, mo ń retí irú ojú tí wọ́n fi wo Rábì ní pápá lọ́jọ́sí. Tóyìn sì tan ojú lóòótọ́. Ó yíjú sí àwọn yòókù.

"Ẹ jẹ́ ká lọ bi Àlàájà!"

Kí n tó mí, wọ́n ti wọ bàtà. Mo ké sí wọn pé kí wọ́n dúró, wọn ò dúró. Mo gbé abọ́ omi mi sórí, omi ń dà sí mi lọ́rùn, mo tẹ̀lé wọn. Bí wọ́n bá máa mọ̀ ọ́n dandan, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé inú abọ́ tèmi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Láàárín ọ̀nà ni ìdáhùn bá mi. Kí ìgbì kan tóbi, kí èkejì kéré! Tí wọ́n bá pàdé tán, ibi tí ńlá bá jáde sí ló máa sọ fún wa bóyá ó kọjá tàbí ó padà. Ó kún ẹnu mi bí omi gbígbóná. Mo fẹ́ pariwo rẹ̀ láti ẹ̀yìn wọn. Ni mo bá gbọ́ ohùn Ọ̀gá, bí ẹni pé ó ń rìn tẹ̀lé mi: ta ló bi ọ́? Mo pa ẹnu mọ́.

Rábì wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀ẹ́kùlé rẹ̀. Àwọn ọmọ sọ ìbéèrè fún un, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbé abọ́ kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó wo omi, ó wò mí, ó wo omi.

"Mi ò mọ̀ o," ó ní. "Ásíìdì ńkọ́? Ojú ẹ fẹ́ bẹ́."

"Mi ò mọ̀," mo ní. Eyín mi há mọ́ra.

A jókòó, àwa méjèèjì, a ń wo àwọn ọmọ. Wọ́n tẹ omi, wọ́n jiyàn, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, mo jẹ ètè mi. Nígbà tó yá, Tóyìn ti ọwọ́ àwọn yòókù kúrò nínú abọ́. Ó fi odindi ẹ̀ṣẹ́ tẹ omi ní ọ̀tún, ó fi orí ìka kan tọ́ ọ ní òsì. Ìgbì ńlá wá, ìgbì kékeré wá, wọ́n pàdé. Ńlá jáde ní òsì.

"Ó kọjá!" ó kígbe. "Ó kọjá! Ẹ wò ó, ńlá ti dé ibí!"

Wọ́n ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, Rábì náà ń pàtẹ́wọ́ bí ọmọ kékeré. Kí n má purọ́ fún yín, inú mi dùn. Ọ̀la, tí ọmọ yẹn bá ń sọ̀tàn níbi iṣẹ́ tirẹ̀, mo mọ̀ pé ilé Àlàájà ló máa sọ pé òun ti rí i, lábẹ́ máńgòrò Àlàájà.

Ẹ bá mi sọ fún un: abọ́ tèmi ni.